Ohùn Bàbá Nínú Ìpolówó Ìbò

[Ìpè láàrin ọmọ ìyá méjì ní Wisconsin, nígbà tí ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀. Marit Tollefson, tó ń díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Karin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà ní oko màlúù ìdílé wọn lọ́dọ̀ ìyá wọn. Nels, bàbá wọn, ti kú ṣáájú ìdajì ọdún yìí.]

KARIN: Marit, báwo ni? Ṣé o ti jẹun?

MARIT: Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò tíì jẹun. Mo ń lọ sípàdé kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ojú ọ̀nà yìí ò sì —

KARIN: Aṣọ òtútù Bàbá, èyí tó ní awọ àgùntàn lọ́rùn, níbo lo fi sí?

MARIT: Mo ti fi ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

KARIN: Màmá ló ń wá a.

MARIT: Kí ni Màmá fẹ́ —

KARIN: Ó ní òtútù á máa mú Bàbá níbi tó wà. [Ariwo lórí ìlà] Ṣé o gbọ́ mi?

MARIT: Mo gbọ́. Ẹ sọ ọ́ tán.

KARIN: Awakọ̀ tó ń wá gbé wàrà ló rí i lẹ́bàá títì láàárọ̀ yìí, nínú yìnyín, bàtà inú ilé ló wọ̀. Ó ní òun bi í pé ibo ló ń lọ. Màmá dá a lóhùn pé ọkọ òun wà nígboro, òun gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò, òun wá dúró dè é.

[Marit dá ọkọ̀ dúró, ó pa ẹ́ńjìnnì.]

MARIT: Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?

KARIN: Ó pọ́n, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti wò ó. Ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ pè ọ́.

MARIT: Ẹ̀gbọ́n mi, a tẹ̀lé òfin. Òfin ní ká sọ ọ́ nínú ìpolówó ìbò mi pé ẹ̀rọ ló ṣe ohùn Bàbá. A sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, a tún sọ ọ́ níparí. Lọ́yà gbọ́ ọ kó tó jáde.

KARIN: Èmi náà gbọ́ ọ. Ẹni tó ka ìkìlọ̀ yẹn ń sáré bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Kí Màmá tó yíjú sí rédíò, ó ti parí. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an.

MARIT: Gbogbo agbègbè yìí ló mọ̀ pé ó ti kú. Wọ́n wá síbi ìsìnkú.

KARIN: Màmá náà wà níbẹ̀. Ó ń gbàgbé ni.

MARIT: Ohun tó sọ níbẹ̀, òótọ́ ni. Ó sọ ọ́ fún mi nídìí tábìlì yín pé kí n du ipò yìí, torí ọsibítù tí wọ́n fẹ́ tì.

KARIN: Ó sọ ọ́ fún ẹ. Kò sọ ọ́ fún rédíò. [Ariwo] Ṣé o gbọ́ mi?

MARIT: Mo gbọ́. Ìpolówó yẹn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún wa. Bí mo bá yọ ọ́, a máa fìdí rẹmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀yin náà sì fẹ́ kí ọsibítù yẹn wà.

KARIN: Mo fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni mo bí ọmọ mi sí. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, Marit. Mo gbé rédíò kúrò nílé ìdáná, Màmá lọ tan èyí tó wà nílé màlúù. Mi ò lè máa sọ fún un lójoojúmọ́ pé ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìgbàkigbà tí mo bá sọ ọ́, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni.



MARIT: Okay. Mo máa yọ ọ́. Mo máa pè wọ́n kí n tó wọ ìpàdé.

KARIN: O ṣé.

MARIT: Ẹ má dúpẹ́. Ẹ gbé fóònù fún un.

[Ìró ẹsẹ̀. Ìró àga.]

MÀMÁ: Marit? Bàbá ẹ wà lórí rédíò. Ikọ́ rẹ̀ ti lọ pátápátá.

MARIT: Màmá, Bàbá kọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ ló ṣe ohùn yẹn. Bàbá ti kú, Màmá. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é, torí ìbò. [Ariwo] Màmá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MÀMÁ: Mo gbọ́ ẹ. Ìwọ lo kọ ohun tó sọ fún un?

MARIT: Èmi ni. Ẹ má bínú, Màmá.

MÀMÁ: Kí ló wá dé tí o ò ní kó dárúkọ mi —

[Ìpè já.]