Bí Àtọ́kẹ́ Ṣe Kó Àwọn Ọmọdé Wọ Ilé Ọlọ́run

Ní ayé àtijọ́, kí páànù tó dé orí ilé kankan ní ìlú yìí, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣì jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi koríko bò, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àtọ́kẹ́. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ìwọ Dèjì, gbé fóònù yẹn sílẹ̀, kò ní sá lọ. Àtọ́kẹ́ yìí ló bí ẹni tó bí bàbá tó bí mi. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀, kó bi ara rẹ̀ bí òun ṣe dáyé.

Nígbà náà, àwọn ọmọdé kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Wọn kì í wọ̀ ọ́ rárá. Ọkùnrin á jókòó lápá ọ̀tún, obìnrin á jókòó lápá òsì, àwọn ọmọ á wà níta lábẹ́ igi odán, bàbá arúgbó kan á sì jókòó tì wọ́n pẹ̀lú pàṣán. Bàbá Láṣebíkan, tó jẹ́ Bàbá Ìjọ, ló fi òfin yẹn lélẹ̀. Ó ní ariwo ọmọdé kì í jẹ́ kí àdúrà gòkè.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dun Àtọ́kẹ́ dọ́kàn. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó ti gbé ọ̀dọ̀ ìyàwó òyìnbó oníwàásù kan ní ìlú mìíràn. Ibẹ̀ ló ti kọ́ orin ìsìn, orin olóhùn mẹ́ta: ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀. Kò mọ̀wé, orí ló fi kó gbogbo rẹ̀ wálé. Nígbàkigbà tó bá kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń gbọ́ ìró pàṣán níta, tó sì mọ̀ pé Fẹ́híntọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà lára àwọn tí wọ́n ń nà, àdúrà ò ní lè jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Á máa rò ó pé, ọmọ tí wọ́n fi pàṣán lé kúrò nílé Ọlọ́run lónìí, kí ló máa wá wá síbẹ̀ lọ́la? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ló bá lọ bá Bàbá Ìjọ, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa wọlé. Màá fi orin kọ́ wọn bí a ṣe ń sin Ọlọ́run."

"Orin kẹ̀? Àwọn ewúrẹ́ yẹn?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lọ́jọ́ ìkórè, ó ku oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá lè kọ orin kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú rẹ̀, kí wọ́n máa wọlé títí ayé. Bí wọn ò bá lè kọ ọ́, o ò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ mọ́ títí n ó fi kú."

"Mo gbà, Bàbá."

Kí wá ni obìnrin yìí ṣe? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ilé náà ló bá wọn lọ. Agbo ilé mẹ́ta péré ló ti gba Jésù nígbà náà. Lọ́jọ́ Ajé, á lọ sí ilé Alágbẹ̀dẹ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ilé Aláró. Lọ́jọ́rú, ilé Olọ́dẹ. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí tọkùnrin tobìnrin bá ń bó ẹ̀gúsí, òun náà á jókòó sáàárín àwọn ọmọ, ọwọ́ á máa bó, ẹnu á máa kọ. Ó fún ilé Aláró ní ohùn òkè, ilé Olọ́dẹ ní ohùn àárín, ilé Alágbẹ̀dẹ ní ohùn ìsàlẹ̀.

Kí wọ́n tó kọrin, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ dúpẹ́ fún. Ọ̀kan dìde ní ilé Olọ́dẹ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mo dúpẹ́ pé ìyá mi ò tíì rí ìkòkò tí mo fọ́." Ìyá rẹ̀ sì rèé níbẹ̀ tó ń bó ẹ̀gúsí! Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ò sàn jù ú lọ.

Bí wọ́n bá ń pariwo, Àtọ́kẹ́ á ní, "Ta là ń kọrin fún?"

"Ọlọ́run ni!"

"Ṣé adití ni?"

"Rárá o!"

"Kí ló wá dé tí ẹ ń lọgun mọ́ ọn?"

Orin tó kọ́ wọn kò gùn:

"A dé o, Baba, ọpẹ́ la mú dé,
Àgbà wa, èwe wa, Tìrẹ ni gbogbo wa."

Ó kọ́ wọn pé kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, kí wọ́n rántí ẹni tí wọ́n dúró níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á pàdé lábẹ́ igi odán, ilé kọ̀ọ̀kan á dúró lójú kan, wọ́n á pa ohùn pọ̀, á sì dùn débi pé bàbá onípàṣán á máa mi orí.

Ọjọ́ ìkórè pé. Bíṣọ́ọ̀bù dé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́nu ọ̀nà. Bí Àtọ́kẹ́ ṣe kó àwọn ọmọ dé ẹnu ilẹ̀kùn, Bàbá Ìjọ dá wọn dúró, ó ní kí ọkùnrin lọ sọ́tùn-ún, kí obìnrin lọ sósì, bí àṣà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọdún mọ́kànlá ni Àtọ́kẹ́ ti ń jókòó lápá òsì yẹn, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀kan rí pé bó ṣe máa rí nìyẹn! Ilé-ilé ló ti kọ́ wọn. Ẹ̀gbẹ́ ará ilé rẹ̀ ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ti mọ ohùn tirẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ẹlòmíràn. Kí Àtọ́kẹ́ tó sọ pé rárá, wọ́n ti pín wọn sọ́tùn-ún sósì.

Wọ́n ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan mú ohùn òkè, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú ti ìsàlẹ̀. Ẹni òkè bá tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀, ẹni ìsàlẹ̀ bá gòkè. Orin dà rú. Ọmọkùnrin kan bú sẹ́kún, àwọn àgbà kan ń rẹ́rìn-ín, gbogbo àwọn ọmọ bá dákẹ́ pátápátá.

Bàbá Ìjọ dìde. "Ẹ kó wọn jáde."

Yéè! Àtọ́kẹ́ mọ̀ pé bí àwọn ọmọ yẹn bá fi lè jáde, wọ́n jáde náà nìyẹn. Ó gba àárín ìjọ kọjá, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bíṣọ́ọ̀bù. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀bi tèmi ni, kì í ṣe tàwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tò wọ́n bí mo ṣe kọ́ wọn."

Bíṣọ́ọ̀bù nawọ́ sí i. "Dìde, ìyá. Tò wọ́n."

Àtọ́kẹ́ kọjú sí wọn. "Ó yá, kálukú lọ bá ará ilé rẹ̀!"

Háà, ẹ̀ bá wá wo eré! Ọmọ ń gba abẹ́ àga, ọmọ ń tẹ àgbà lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ ilé Alágbẹ̀dẹ kan di bàbá rẹ̀ lẹ́wù mú, ó ń fà á lọ bá ìyá rẹ̀ lápá òsì. Ọkọ bá dìde, ó lọ jókòó ti aya, ohun tí ojú kò rí rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Kò pẹ́, kò sí ọ̀tún, kò sí òsì mọ́, agbo ilé mẹ́ta ló kù níbẹ̀. Bàbá Láṣebíkan fúnra rẹ̀, ará ilé Olọ́dẹ, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti lọ rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Wọ́n dákẹ́ bó ṣe kọ́ wọn. Fẹ́híntọlá, tó kéré jù nínú wọn, ló kọ́kọ́ lanu: "A dé o, Baba..." Ilé Aláró gbà á lókè, ilé Olọ́dẹ gbà á láàárín, ilé Alágbẹ̀dẹ gbé e nísàlẹ̀. Ni àwọn àgbà náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́! Ṣé oṣù mẹ́ta gbáko kọ́ ni wọ́n ti fi ń gbọ́ ọ nídìí ẹ̀gúsí? Orin ti wọ̀ wọ́n lára láìmọ̀. Bàbá Ìjọ panu mọ́, ó panu mọ́, nígbà tó kan "Tìrẹ ni gbogbo wa", ó lanu, ó sì mú ohùn àárín láìṣìnà.

Wọ́n ṣe Àmín. Àtọ́kẹ́ mí kanlẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀yin ọmọ, inú rẹ̀ dùn kọjá àlà. Bàbá Ìjọ wá bá a níbẹ̀. "Àtọ́kẹ́, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Wọ́n ti wọlé. Kò sẹ́ni tó máa lé wọn jáde mọ́."

Ìdí nìyẹn tí ìdílé wa fi ń jókòó pọ̀ lọ́jọ́ ìkórè, tọkọ, taya, tọmọ, káyé máa wò wá. Òun náà ló fà á tí àgbà kankan nínú wa kò fi gbọdọ̀ dá orin ọpẹ́. Ọmọ tó kéré jù tó ti lè sọ̀rọ̀ ló ń dá a, bó bá sì pẹ́, a ó dúró. Dèjì, lọ́dún tó kàn ọ́ láti dá a, o rọ̀ mọ́ ìyá rẹ lọ́rùn, o ò lanu, àlùfáà ń wo aago, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń wò wá. Ṣé o rò pé àwa àgbà ò mọ orin náà ni? A mọ̀ ọ́n. Ìwọ là ń dúró dè.