Aṣọ Tí Mo So Mọ́ Irin

Ẹ jókòó. Ẹ má tíì kọrin. Orin tí ẹ fẹ́ kọ fún mi yẹn, ẹ gbé e mì ná. Ẹ ní kí n wá sọ ọ̀rọ̀ ọpẹ́ nítorí pé òní ni mo ń fẹ̀yìn tì, ẹ sì ti to àga sí iyàrá ìlọṣọ yìí bíi pé ìgbéyàwó la fẹ́ ṣe. Ó dáa, mo ti dé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe ọpẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi ti rìn fún ọdún mọ́kànlá, ẹsẹ̀ ti ń dùn ún. Bí mo bá gbé e lọ sílé lónìí láìsọ ọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn tún máa bá a lọ.

Ìyá Ọpẹ́ lẹ̀ ń pè mí. Nígbà kan, bí ẹ bá pè mí bẹ́ẹ̀, orí mi á wú. Èmi ni mo dá ìdúpẹ́ àárọ̀ sílẹ̀ ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn yìí. Èmi ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ sí pátákó ẹnu ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́, pé ẹni tó ń dúpẹ́ ló ń dàgbà nínú Olúwa, pé ẹni tó ń ráhùn ń lé ìbùkún ara rẹ̀ sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọ̀gá fún wa. Èmi ni mo sọ ọ́ di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ṣé nítorí Ọlọ́run ni? Irọ́ ni. Ohùn ara mi ló ń dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ràn kí ẹ máa mi orí bí mo bá ń sọ̀rọ̀, kí ẹnìkan sì máa nu ojú lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

Ṣùgbọ́n aṣọ ibùsùn ò mọ àdúrà. Àwọn wọ́ọ̀dù ń retí aṣọ wọn kó tó di ọ̀sán, ogún ìṣẹ́jú tí mo jẹ lára iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti ibì kan jáde. Ẹ wo ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá yẹn. Ẹ rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níwájú rólà rẹ̀, ọ̀pá ńlá gbígbóná tó ń yí, tó ń fa aṣọ wọlé. Bí ọwọ́ bá ti kan irin yẹn, ẹ̀rọ á dúró. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Àmọ́ bí etí aṣọ tó nípọn bá kàn án, ó máa ń dúró náà, a ó sì máa dúró tì í títí tí yóò fi gbóná padà. Inú irin yẹn máa ń bí mi. Ni mo bá ya pélébé lára aṣọ ibùsùn tó ti gbó, mo fi so irin náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí ojú ò ti tètè tó. Kò lè mira mọ́. Iṣẹ́ wá ń yá. Lọ́jọ́ kejì, mo kọ ọ́ sí pátákó pé Ọlọ́run máa ń bù kún àkókò ẹni tó bá dúpẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Aṣọ ni mo so, mo ní Ọlọ́run ni.

Ẹlẹ́rìn-ín ló jókòó níwájú yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ìyàwó àbúrò mi ni. Àbúrò mi kú, ó fi òun àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀, èmi ni mo sì mú un wá síbi iṣẹ́ yìí. Ìdí tábìlì tí a ti ń ká aṣọ ló wà nígbà náà, ẹ̀rín rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó wọlé. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ara obìnrin tó ń fi aṣọ sẹ́nu ẹ̀rọ ò yá, kò wá. Mo ní kí ìyàwó mi bọ́ sídìí ẹ̀rọ. Ó wojú mi.

"Àǹtí, ẹ̀rọ yìí ń bà mí lẹ́rù o. Ó ń wò mí bí ajá tí wọn ò so."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ka sí irin. "Ìyàwó mi, ojo ni ẹ́. Bí ọwọ́ ẹ bá ti kan irin yìí báyìí, ó ti dúró nìyẹn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ibi."

"Àmín, Àǹtí."

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń sọ fún ara mi pé mo gbàgbé aṣọ tó wà níbẹ̀. Mi ò gbàgbé. Mo rántí rẹ̀ bí mo ṣe ń la ẹnu. Mo kàn rò ó pé bí mo bá tú u, ẹni tí ò mọ iṣẹ́ náà á máa dá ẹ̀rọ dúró ṣáá, ọ̀sán á sì lé wa bá. Èmi tí mo ti fi orin àti àdúrà jẹ àkókò ná!

Kò tó wákàtí kan. Aṣọ kan ká pọ̀ lẹ́nu rólà, ìyàwó mi na ọwọ́ ọ̀tún láti tọ́ ọ. Mo gbọ́ igbe. Mo sáré débẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa báyìí, nítorí ibi tí mo ń bọ̀ láti àárọ̀ nìyí. Bọ́tìnì pupa tó ń pa ẹ̀rọ wà ní apá ọ̀tún mi. Aṣọ tí mo so wà ní apá òsì. Ọwọ́ ìyàwó àbúrò mi wà nínú iná. Mo yà sí òsì. Kókó náà le, ìka mi ò lè tú u, mo fi eyín tú u. Ó ń ké pé, "Àǹtí! Àǹtí, ẹ gbà mí!" Èmi ń fi eyín tú kókó. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mò ń pa làpálàpá. Bí aṣọ ṣe já kúrò, apá rẹ̀ ti irin náà, ẹ̀rọ sì dúró fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo ti ki aṣọ bọ àpò, mo ti gbé ọwọ́ lé bọ́tìnì pupa. Ohun tí wọ́n bá nìyẹn. Dókítà sọ fún mi pé ká ní ẹ̀rọ tètè dúró ni, ìka méjì péré ni ì bá lọ. Gbogbo ọwọ́ náà ni wọ́n gé.

Nígbà tí mo lọ wò ó ní wọ́ọ̀dù, ó ní, "Àǹtí, bíi pé ọwọ́ mi kan irin yẹn o."

Mo ní, "Kò kàn án. Ìrora ló ń dà ọ́ lọ́kàn rú. Dúpẹ́ pé o wà láàyè."

Ó ní, "Mo dúpẹ́."

Ọkùnrin tí wọ́n rán wá yẹ ẹ̀rọ wò tẹ irin náà nígbà mẹ́wàá, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó bi mí pé, "Mà, ṣé ẹ rí i pé ó na ọwọ́ kọjá lórí irin ni?" Mo ní, "Mo rí i." Ìyẹn ni wọ́n fi kọ lẹ́tà tí wọ́n fi lé e lọ, pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á. Ẹnìkan mọ̀, ìyá tó ń fọ aṣọ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ìyá, ẹ má bojú wẹ̀yìn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ fà mí sí kọ̀rọ̀, ẹ ní, "Ṣé a ò ní sọ ti aṣọ yẹn?" Mo ní Olúwa ò fẹ́ aráhùn, ká máa dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò kú. Ẹ sì dákẹ́. Bí mo ṣe fi ọpẹ́ di ẹnu yín nìyẹn.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ìsìn ìdúpẹ́ ọdọọdún tí a máa ń pè é wá sí níbí, ìyàwó mi á dìde, á ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Pé Àǹtí òun ló gba òun lọ́wọ́ ikú. Ẹ̀yin á máa pàtẹ́wọ́. Òun ò lè pàtẹ́wọ́, á máa fi ọwọ́ òsì gbá itan. Ọlọ́ṣà náà rèé, èmi ni! Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìjọsìn. Èmi gbé e sórí pátákó, mo ní ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń fi ìyà tọ́ wa dàgbà. Ọlọ́run wo? Ọlọ́run ló so aṣọ ni? Òun ló dàgbà. Èmi kàn ń gbó ni. Ọpẹ́ tí a fi ń bo ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ọpẹ́, ọmọrí ìkòkò ni, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì máa rùn.

Ọmọ rẹ̀ ti pé ogún ọdún báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí, ìdí ẹ̀rọ yẹn gan-an ni wọ́n sì fi í sí. Ní ọjọ́ Ajé, mo kọjá níbẹ̀, mo rí aṣọ pélébé lára irin. Mo bi ọ̀gá tuntun tó wà nídìí ẹ̀rọ pé ta ló so ó. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ọpẹ́, ẹ̀yin lẹ̀ ń bi mí? Ṣebí ọ̀nà yín ni! Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe é." Mo fi sísọ́ọ̀sì gé e. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, òmíràn ti wà níbẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ò ní parí láìsí i. Ìgbà yẹn ló yé mi pé sísọ́ọ̀sì ò lè gé e, àfi ẹnu mi.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo ti fọwọ́ sí i, ó ti wà lórí tábìlì ọ̀gá àgbà láti àárọ̀. Kí wọ́n ṣe mí bó ṣe yẹ. Kí wọ́n ṣáà fa lẹ́tà àìbìkítà yẹn ya.

Ìyàwó mi, o ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́, o máa fẹ́ sọ pé o ti dárí jì mí kí n tó jókòó. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì sọ ọ́. Bínú ná. Ìbínú yẹn tọ́ sí ọ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ẹ tí mo ní kó o máa dúpẹ́. Bí àánú mi bá ṣe ọ́ lọ́jọ́ kan, o mọ ilé mi. Màá máa retí ẹ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ dúpẹ́ nígbà tí ẹ fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ yín. Olúwa ò yára bínú sí ìbéèrè. Ẹ ò ní rí mi níbí lọ́la láti tún un sọ.

Mo ti parí. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ má sì kọ orin kankan. Ẹni tó bá ní ọwọ́ méjì nínú yín, kó lọ fi tú aṣọ yẹn.