Fítámìn Tí Mo Fi Rọ́pò Oògùn Ọmọ-ọmọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ farabalẹ̀ gbọ́ mi. Àgbẹ̀ oníṣu ni mí ní Ogbooro, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tó yẹ kó máa purọ́. Ohun tí mo ṣe nígbà kónílé-ó-gbélé, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n títí dòní. Ǹ bá má sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ó fẹ́ pa ọmọ-ọmọ mi.

Rukayát lorúkọ ọmọ-ọmọ mi náà. Òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ mi. Kí kòrónà tó dé ló ti ní àìsàn ọpọlọ, ó máa ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ilé ìwòsàn kan lọ́nà jíjìn fún un ní oògùn, hóró kan láràárọ̀, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

Wọ́n wá ti ojú ọ̀nà. Oògùn ku hóró mẹ́rin. Awakọ̀ tó ń kó iṣu mi, Bàbá Sikírù, ṣì ń rìn, torí wọn kì í dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró. Ó ti gbọ́ pé ọmọ náà ń lo oògùn, kò mọ èwo.

“Bàbá, ẹ fún mi ní káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀, n ó bá yín gba oògùn bọ̀.”

Mo ní oògùn ṣì wà nílé.

Ó rẹ́rìn-ín. “Àbí ẹ ti fẹ́ ìyàwó síbẹ̀ ni, tí ẹ ò fẹ́ kí n rí i?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára káàdì náà pé ilé ìwòsàn ọpọlọ ni. Mo rò pé bó bá rí i, gbogbo ìlú á gbọ́, a ò sì ní rí ọkọ fún Rukayát.

Mi ò fẹ́ kí àyà ọmọ já pé oògùn ti tán. Mo ra fítámìn funfun kéékèèké, mo dà á sínú ike oògùn rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń bu omi fún un. Á gbé e mì, á ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá àgbà.”

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sùn mọ́. Ó ní àwọn kan wà lórí òrùlé, ó fi aṣọ dí fèrèsé. Lọ́jọ́ kan ó sá wọ igbó. Ọjọ́ kejì la rí i lọ́nà Ìgbòho, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó.

Ìyá rẹ̀ gbá a létí. “O ti ń tu oògùn dànù, àbí? Oníjìbìtì!”

“Màámi, mo fi Kùránì búra, mo lò ó lójoojúmọ́!”

Mo dúró síbẹ̀. Mo jẹ́ kó ru ẹ̀bi mi.

Nígbà tí ọ̀nà ṣí, tó rí oògùn gidi lò, ara rẹ̀ yá. Ó ti ń ránṣọ báyìí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, àfi bó ṣe wá bá mi lóko.

“Bàbá àgbà, mo ti fi oògùn yẹn sílẹ̀ o. Ṣebí ojú yín ló ṣe? Nígbà kónílé-ó-gbélé, mi ò fo ọjọ́ kan, síbẹ̀ orí mi dàrú. Kí ni mo tún ń lò ó fún?”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lò ó. Ó ní ṣé mo ti di dókítà ni.

Bí mo bá jẹ́wọ́, ṣé á tún gba oògùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nílé yìí? Bí mi ò bá sì jẹ́wọ́ ńkọ́? Òní pé ọjọ́ mọ́kànlá tó ti fi í sílẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ bí mo ti ń kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí irú àìsàn yìí ti ṣe rí, ẹ kọ́ mi: kí ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún un?