Àdúrà Inú Ère

Nínú train tó ń bọ̀ láti Downtown ni mo wà tí bàbá kan gbé ère oníwúrà lé itan bí ọmọ tuntun, tí ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì tó jókòó tì í ò sì lè pa á mọ́ra.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òrìṣà nìyẹn?”

“Ti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni. Idẹ ni, wọ́n wá fi wúrà bò ó. Ó ti wà kí America tó wà. Estate sale kan ní Hampton, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé, ni mo ti rà á.”

“Mummy ò bínú?”

“Háà! Prayer warrior ni ìyàwó mi! Ó ní kí n yan ọ̀kan, òun tàbí ère. Látìgbà Kérésì, inú trunk mọ́tò mi ló ń sùn.”

“Ẹ wá ń gbé e kiri.”

“Wọ́n ti dí ìdí rẹ̀ pa láti ayébáyé. Gbogbo ẹni tó ń kó ère jọ ló ní kí n ṣí i, mo kọ̀. Ní yunifásítì láàárọ̀ yìí, wọ́n fi X-ray wò ó. Ìwé tí wọ́n ká ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́! Ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀ ní àdúrà ni wọ́n máa ń kọ sí i. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé.”

“Kí ni Mummy wá sọ?”

Bàbá gbé ère náà sókè, ó rẹ́rìn-ín débi pé gbogbo wa yíjú sí i.

“Ó ní, ‘Daddy, ẹ gbé e wọlé. Àdúrà ẹnikẹ́ni kì í sùn nínú trunk.’”