Mo Sọ fún Màmá Mi Pé Abẹ́òkúta Ni Ìbàdàn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Mo ti bú ara mi tán. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi yìí ti ń rùn, mi ò sì lè gbé e mì mọ́, torí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ní ká gba ìsọ̀ ẹja lọ́wọ́ màmá wa, pé wọ́n ti ń ṣarán.

Màmá ò ṣarán. Èmi ni mo parọ́ mọ́ wọn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, Lasunwon ní Ìkòròdú ni mò ń gbé. Nígbà tí mo fẹ́ lọ́kọ, èmi àti Màmá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kí àwọn àna mi ní Ìbàdàn. Màmá gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan dání, wọ́n ní ọwọ́ òfìfo ò yẹ ìyá ìyàwó. Fèrèsé ọkọ̀ náà kò ṣeé ṣí. Kò pẹ́ tí òórùn ẹja fi gba gbogbo ibẹ̀.

Obìnrin kan ní, "Ta ló gbé irú èyí wọ ibí? Ó ń rí mi lára o!"

Èmi náà fọwọ́ bo imú. Mo kọjú sí fèrèsé bí ẹni tí kò mọ Màmá rí. Ẹ ò rí nǹkan ìríra! Ẹja yẹn ló rán mi níléèwé.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró l'Ábẹ́òkúta, Màmá, tí kò mọ̀wé kà, bi mí pé, "Ṣé a ti dé Ìbàdàn ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Mi ò dìde. Ilẹ̀kùn pa dé. Mo rí wọn níta tí wọ́n ń wá mi kiri. Fóònù mi dún, mo pa á. Mo sọ fún àwọn àna mi pé ara Màmá ò yá.

Òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ kan ló bá wọn pe ẹ̀gbọ́n mi, tó lọ mú wọn. Nígbà tí mo padà délé, Màmá bi mí pé, "Ṣebí ìwọ lo ní kí n sọ̀ kalẹ̀?" Mo wò wọ́n lójú kòrókòró, mo ní, "Èmi kọ́ o. Mo sùn lọ ni."

Wọ́n ní, "Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí orí mi ti dàrú o."

Àtìgbà náà ni ọkàn wọn ò ti balẹ̀ mọ́. Wọ́n á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ tán, wọ́n á tún bi ọmọdé bóyá àwọn fi í sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú wọn láti Ẹ̀pẹ́ wá sílé mi. Gbogbo ibi tí mọ́tò bá ti dúró, wọ́n á di ọwọ́ mi mú: "Ṣé ibí ni? Bá mi wò ó. Ọ̀rọ̀ ẹnu tìrẹ nìkan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

Ẹnu tèmi! Mo fọwọ́ bò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gba ìsọ̀ náà lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Bí mo bá jẹ́wọ́, Màmá á mọ̀ pé orí àwọn pé, wọ́n á sì mọ irú ọmọ tí wọ́n bí. Ẹ bá mi wí, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?