Àlàájà Kọ́ Ló Ba Kọ̀ǹpútà Jẹ́

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ má tíì gba makirofóònù yìí lọ́wọ́ mi. Òótọ́ tí mo gbé mì láti ọdún tó kọjá kò dà nínú mi, òní ni n ó pọ̀ ọ́. Èmi Amos tí ẹ ń pè ní ẹ̀ńjìníà, irọ́ ni mo pa fún yín lórí pẹpẹ yìí.

Màmá Jabez, aṣáájú akọrin wa, ló ní kí n bá òun yan kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa tan nílé tọ̀sántòru, kí òun kó ìwàásù àti orin olóògbé ọkọ òun sí i, kí àwọn ọmọ lè máa fi fóònù gbọ́ ọ. Joy tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, sọ fún mi pé, "Bọ̀ọ̀dá Amos, ẹ jẹ́ ká lo laptop tòkúnbọ̀. Bí iná bá lọ, bátìrì rẹ̀ á gbé e. Ká sì fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i, kò wúwo." Òótọ́ ló sọ, mo sì mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí iṣẹ́, ṣé ọmọ àná ni yóò kọ́ mi? Mo gbé kọ̀ǹpútà onítábìlì ràgàjì kan lọ, mo fi Windows tó mọ́ mi lára sí i, n kò wá ohunkóhun tí yóò gbà á lọ́wọ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ìgbéraga lásán!

Kò pé oṣù méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná lọ, iná dé, nígbà márùn-ún, kọ̀ǹpútà bá kú pátápátá. Màmá bú sẹ́kún: "Amos, ohùn ọkọ mi ńkọ́?" Dípò kí n ní ẹ̀bi mi ni, mo bi í pé, "Ta ló wọ yàrá yìí?" Ó ní, "Àlàájà Mùíbátù nìkan ló wá fi fóònù rẹ̀ sí iná." Àlàájà, ọmọ bíbí Ọ̀tà, aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń pín omi àti ọbẹ̀ fún ogún ọdún! Mo mi orí, mo ní, "Hùn-ùn. Màmá, ẹ máa gbàdúrà o." N kò sọ ju ìyẹn lọ, ó sì tó. Màmá gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì fi ìṣó kan ilẹ̀kùn ọgbà tó wà láàárín wọn pa.

Bẹ́ẹ̀ Joy ti ṣe ẹ̀dà gbogbo ohùn náà pamọ́. Nígbà tó gbé e jáde, mo ní kó pa ẹnu mọ́, mo sì kó ohùn náà padà fún Màmá bí ẹni pé iṣẹ́ ìyanu ni. Èyí tó burú jù rèé: mo gun orí pẹpẹ yìí lọ́jọ́ ìsinmi, mo kígbe ẹ̀rí pé, "Ọ̀tá tó wà nítòsí bà á jẹ́, Jésù dá a padà!" Ẹ jó, ẹ fò. Sípíkà wa gbé e dé inú ilé Àlàájà.

Lóṣù tó kọjá, ó rí mi ní Ṣàngó. Ó ní, "Amos, mo ń gbọ́ ohùn Bàbá Jabez láti ara ògiri. Ọlọ́hun á bù sí ọgbọ́n rẹ." Mo lọ jẹ́wọ́ fún Màmá. Kò bú mi. Ó mú òòlù, ó yọ ìṣó wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọlé tọ Àlàájà. Mo gbọ́ tí Àlàájà ní, "Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé. Ẹ jókòó." Wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má fi ẹni ẹlẹ́ni bo àṣìṣe. Laptop tí Joy yàn ló ń ṣiṣẹ́ nílé Màmá báyìí, pẹ̀lú Linux rẹ̀, mo sì bẹ Joy náà. Àlàájà ní òun ti forí jì mí, ṣùgbọ́n kí n sọ ọ́ níbi tí mo ti sọ ti àkọ́kọ́, kó sì dún tó bẹ́ẹ̀. Bùrọ̀dá Seth tí ẹ wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí sípíkà sókè sí i. Àlàájà Mùíbátù, ẹ̀yin kọ́. Èmi ni.