Ìrẹsì Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Bámikẹ́ kò tilẹ̀ pé ọdún kan tó fi sú u í gbé kiri. Iwájú kíláàsì rẹ̀ ní Ìgbógìlá ló ti jẹ́wọ́, bọ́dà, ẹnubodè tí ìjọba tì, ṣì wà ní títì. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ tín-ín-tín tó para pọ̀ di ara, ṣe ń jẹ ara rẹ̀ nígbà ebi: ẹ̀yà kan tó rí bí àwọ̀n á pèsè awọ, awọ náà á wé maitokọ́ńdríà tó ti gbó, ìyẹn ilé iná sẹ́ẹ̀lì; lẹ́yìn náà, laisosóòmù, àpò tó kún fún omi tí ń mú oúnjẹ dà, á lọ̀ ọ́ kúnná, àwọn ilé iná tó kù á sì fi dáná. Ni Rọ́fíàt bá nawọ́.

"Àǹtí, tí èyí tó gbó bá wá tán ńkọ́?"

Bámikẹ́ gbé ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀. Ó ní ìyá ọkọ òun ló kọ́kọ́ bi òun bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà, Jayéọlá ọkọ òun, tó ń wakọ̀ bọ́dà l'Ówódé, pàdánù iṣẹ́, ó sì wáṣẹ́ lọ sọ́nà jíjìn, ó ku òun àti Màmá nílé. Oúnjẹ wọ́n. Òun fi ìrẹsì tó kù pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun alákọ̀wé burúkú wá sọ fún arúgbó pé ebi ń fọ ara, pé ara á jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀, á dọ̀tun.

"Bí a ṣe ń tú pákó abà tó wó fi tún ilé ṣe nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ rẹ, ìyàwó mi."

Omi tútù ni Màmá ń mu sùn. Bámikẹ́ ń tilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń jẹun bí olè. Lọ́jọ́ kan, ìyá náà wọ́ ẹsẹ̀ dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ẹyẹ lọ.

"Bámikẹ́, tí pákó abà bá tán ńkọ́?"

Ó mọ ìdáhùn. Ìrẹsì ló kún ẹnu rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Màmá wọ́ ẹsẹ̀ padà. Kò tún dìde mọ́. Àwọn èèyàn ní ikú ọjọ́ ogbó ni, wọ́n ń kí Bámikẹ́ pé ó tọ́jú ìyá. Láti ìgbà náà, tí Jayéọlá kò tíì padà, òun nìkan ló kù nínú ilé, kò sẹ́ni tí yóò bi í ní nǹkan kan.

"Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ má fi ìmọ̀ yín pa ẹni tó gbà yín gbọ́."

Rọ́fíàt ló kọjú sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe Rọ́fíàt ló ń wò.

"Tí èyí tó gbó bá tán, Màmá, èyí tó dára ni ara máa jẹ. Ẹ dákun, ẹ wọlé, ẹ wá jẹun."